Ǹjẹ́ Ojúlówó Eré Ìdárayá Ni Gọ́ọ̀fù? Àyẹ̀wò Ìtàn Láti 1457 Títí Di 2024

1. Ìfáárà

Nínú àwọn eré tí aráyé ń fi bọ́ọ̀lù ṣe, bóyá ni a rí èyí tí àwọn ènìyàn ń fi ojú tín-ín-rín wò tó gọ́ọ̀fù. Àwọn tí kò gbà á ní eré ìdárayá sọ pé ẹni tí ń gbá a kì í sáré, kì í fò, kì í sì í forí gbárí pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní bọ́ọ̀lù náà dúró jẹ́ẹ́ lórí ilẹ̀ de ẹni tí yóò gbá a. Wọ́n ní àgbàlagbà ń gbá a, ẹni tí ó yọ ikùn ń gbá a, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fi ọkọ̀ kékeré rìn kiri pápá láìfi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Àwọn tí ń gbè é lẹ́yìn a máa fèsì pé kí ẹni tí ó bá rò pé ó rọrùn gbé ọ̀pá kí a wò ó. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àríyànjiyàn yìí ti wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó máa ń jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, nítorí pé àwọn tí ń jiyàn náà kì í bi ìtàn léèrè.

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú bébà yìí ni láti bi ìtàn léèrè. A óò wo àwọn ìgbà tí àwọn aláṣẹ jókòó, tí wọ́n sì ní láti pinnu irú ohun tí gọ́ọ̀fù jẹ́ tàbí ẹni tí ó tọ́ sí láti gbá a: àwọn ọba Skọ́tlándì, àwọn ẹgbẹ́ tí ó kọ òfin rẹ̀, àwọn alákòóso ìdíje Òlíḿpíìkì, àti àwọn adájọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. A óò rí i pé nínú gbogbo ìdájọ́ wọ̀nyí, kò sí èyí tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ lásán. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, àwọn kan jèrè, àwọn mìíràn sì pàdánù. Èrò tiwa ni pé òógùn kọ́ ni ó yẹ kí a fi wọn eré. Gọ́ọ̀fù jẹ́ ojúlówó eré ìdárayá nípa ti ara àti nípa ti òfin, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó kù ún kù fún ìgbà pípẹ́, ohun náà kì í sì í ṣe òógùn.

2. Òṣùwọ̀n tí a fẹ́ lò

Ọ̀rọ̀ náà ‘eré’ fẹ̀ púpọ̀ ní èdè Yorùbá. Eré ni àwọn ọmọdé ń ṣe lábẹ́ òṣùpá, eré ni àwọn òṣèré ń ṣe lórí ìtàgé, eré ni ayò, eré ni ìjàkadì. Nígbà tí a bá fi ‘ìdárayá’ kún un ni a tó yà á sọ́tọ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò yàtọ̀ ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, nítorí pé láti inú èdè Faransé àtijọ́ ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún eré ìdárayá ti wá, fàájì àti ìgbafẹ́ ni ó sì túmọ̀ sí nígbà náà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni eré ìdárayá ti ní òógùn nínú, ìtàn ọ̀rọ̀ náà kò gbè é.

Ẹ jẹ́ kí a fi ayò àti ìjàkadì wá òṣùwọ̀n. Bí ọwọ́ bá ń dun ọ̀ta nídìí ayò, ó lè sọ fún ọmọ tí ó jókòó tì í pé kí ó kó ọmọ ayò inú ihò báyìí kí ó sì pín in. Bí ọ̀pẹ bá kú, ọ̀ta náà ni ó pa á, kì í ṣe ọmọ tí ó bá a kó o, nítorí pé orí ni a fi ń ta ayò. Ṣùgbọ́n kò sí oníjàkadì tí ó lè rán ẹlòmíràn kí ó lọ bá òun gbé ènìyàn ṣánlẹ̀, kí òun sì gba ògo rẹ̀. Òṣùwọ̀n wa kìn-ín-ní nìyí: ohun tí ara ẹni nìkan lè ṣe, tí a kò lè rán ẹlòmíràn. Bí a bá gbé gọ́ọ̀fù lé orí òṣùwọ̀n yìí, ẹ̀gbẹ́ ìjàkadì ni yóò bọ́ sí. Kádì lè ru àpò ọ̀pá, ó lè sọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí àti bí ilẹ̀ ṣe dà, ṣùgbọ́n kò lè bá ọ̀gá rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù. Ọ̀pọ̀ ni ó mọ ohun tí ó yẹ kí òun ṣe, tí ara kò sì gbà fún un.

Ẹnìkan lè bi wá pé: ṣé télọ̀ tí ń ti okùn bọ ojú abẹ́rẹ́ náà ń ṣe eré ìdárayá ni? Rárá o. Kò sí òfin ìdíje láàárín òun àti télọ̀ kejì, kò sì sí ẹni tí ń ka iye rẹ̀. Òṣùwọ̀n wa kejì ni òfin tí àwọn olùdíje jọ fẹnu kò lé lórí. Ẹ̀kẹta ni pé kí ìdíje náà ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n ṣe. Bí ẹnìkan bá sọ pé pẹ̀lú òṣùwọ̀n yìí, arìn títa náà lè di eré ìdárayá, a gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

3. Ọba, ọfà àti gọ́ọ̀fù

Ìwé tí ó pẹ́ jù lọ tí a mọ̀ tí ó dárúkọ gọ́ọ̀fù ní Skọ́tlándì, òfin tí ó kà á léèwọ̀ ni. Ní 1457, ní ayé Ọba James Kejì, Ilé-Ìgbìmọ̀ Skọ́tlándì pàṣẹ pé kí àwọn ènìyàn pa bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá àti gọ́ọ̀fù tì pátápátá, kí wọ́n máa kọ́ ọfà títa. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ọ̀tá ni Skọ́tlándì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ sí ara wọn, ọwọ́ àwọn tafàtafà Gẹ̀ẹ́sì sì ti ba àwọn ará Skọ́tlándì lójú ogun. Wọ́n tún òfin náà ṣe ní 1471 àti ní 1491. Òfin tí a bá ń tún ṣe lemọ́lemọ́ báyìí, àmì ni pé àwọn ará ìlú kò kà á sí.

Ohun méjì ni ó yẹ kí a fà yọ níbí. Èkíní ni pé ẹ̀wọ̀n kan náà ni wọ́n so gọ́ọ̀fù àti bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá mọ́. Òfin 1491 tilẹ̀ pe àwọn méjèèjì ní eré ìdárayá tí kò ní èrè fún ìlú, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a ń jiyàn lé lórí lónìí gan-an ni ó sì lò. Ẹlẹ́rìí àtijọ́ yìí kò mọ ìyàtọ̀ tí àwọn alátakò gọ́ọ̀fù ń sọ. Èkejì ni pé kì í ṣe àìlàágùn ni ẹ̀ṣẹ̀ gọ́ọ̀fù lójú ìjọba, nítorí pé òógùn pọ̀ nínú bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, síbẹ̀ wọ́n dá àwọn méjèèjì lẹ́bi. Ẹ̀ṣẹ̀ wọn ni pé wọn kò sọ ènìyàn di ọmọ ogun. Ohun tí ìjọba ń fẹ́ lọ́wọ́ ara àwọn ọkùnrin ìlú ni ó fi dá eré lẹ́jọ́.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà fi èyí hàn kedere. Ní 1502, Ọba James Kẹrin, ẹni tí wọ́n ṣe òfin 1491 lórúkọ rẹ̀, bá ọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn àlàáfíà. Ní ọdún kan náà, ìwé ìnáwó ààfin fi hàn pé wọ́n san owó ọ̀pá gọ́ọ̀fù ọba fún ẹnìkan ní ìlú Perth, iṣẹ́ ẹni náà sì ni ọrun gbígbẹ́. Ọwọ́ tí ń gbẹ́ ohun ìjà ni ó gbẹ́ ohun eré fún ọba. Àlàáfíà náà kò tọ́jọ́. Ojú ogun Gẹ̀ẹ́sì ni James Kẹrin kú sí ní Flodden ní 1513.

4. Òfin mẹ́tàlá ti 1744

Òfin gbígbá gọ́ọ̀fù tí ó pẹ́ jù lọ tí ó wà lákọsílẹ̀ ni èyí tí ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́lá tí ń gbá a ní Leith, lẹ́bàá Edinburgh, kọ ní 1744. Ìgbìmọ̀ ìlú Edinburgh ti fi ọ̀pá fàdákà kan sílẹ̀ fún ìdíje, ó sì di dandan kí wọ́n mọ ohun tí a óò fi dá ẹjọ́ láàárín àwọn olùdíje. Mẹ́tàlá péré ni òfin náà. Ó sọ ohun tí a óò ṣe bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sómi, ó sọ ìyà tí ó tọ́ sí ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ bá sọnù, ó sì pàṣẹ pé bí a bá dé ẹ̀bá ihò, ihò ni kí a gbá bọ́ọ̀lù sí pẹ̀lú òótọ́ inú, kì í ṣe bọ́ọ̀lù ọ̀tá ẹni. John Rattray, oníṣẹ́ abẹ, ni ó gba ọ̀pá fàdákà náà lọ́dún yẹn. Ní 1754 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ ti St Andrews sílẹ̀, ní 1764 ni wọ́n sì dín ihò pápá wọn kù láti 22 sí 18, iye tí gbogbo ayé ń tẹ̀ lé títí di òní.

Pàtàkì òfin yìí ni pé ó sọ ìgbafẹ́ di ìdíje tí àlejò lè wọ̀, kí ó sì mọ ohun tí a óò fi dá a lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ó tún fi eré náà sí abẹ́ àṣẹ àwọn ọlọ́lá. Owó pàápàá ṣe ìdènà, nítorí pé awọ tí a ki ìyẹ́ ẹyẹ mọ́ nínú ni bọ́ọ̀lù ayé ìgbà náà, ìwọ̀nba díẹ̀ ni oníṣẹ́ kan sì lè rán lóòjọ́. Nígbà tí bọ́ọ̀lù tí a fi oje igi gutta-percha ṣe dé ní nǹkan bí 1848, owó bọ́ọ̀lù wálẹ̀, ẹsẹ̀ sì pọ̀ sí i lórí pápá.

Àwọn wo ni ó wá mọ̀ ọ́n gbá jù? Ìdíje ńlá tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Prestwick ní 1860 dáhùn ìbéèrè yìí. Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ mẹ́jọ ni ó díje, wọ́n yí pápá oníhò 12 ká nígbà mẹ́ta ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Willie Park ti Musselburgh gbá bọ́ọ̀lù nígbà 174 kí ó tó parí, Tom Morris, olùtọ́jú pápá Prestwick fúnra rẹ̀, sì gbá a nígbà 176. Bẹ́líìtì awọ pupa ni ẹ̀bùn ẹni tí ó borí. Àwọn tí ń ru àpò, tí ń ṣe bọ́ọ̀lù, tí ń tọ́jú koríko, ni wọ́n di ọ̀gá eré tí àwọn ọlọ́lá ń pè ní tiwọn.

5. Òlíḿpíìkì: wíwọlé, jíjáde àti pípadà wọlé

Àwọn kan gbà pé ohun tí ó bá wà nínú ìdíje Òlíḿpíìkì ni eré ìdárayá. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, gọ́ọ̀fù jẹ́ eré ìdárayá ní 1900 àti 1904, kò jẹ́ ẹ mọ́ fún ọdún 112, ó sì tún padà jẹ́ ẹ ní 2016. Èyí kò lè rí bẹ́ẹ̀.

Ní 1900, nígbà tí ìdíje náà wà ní Párísì, Compiègne ni wọ́n ti gbá gọ́ọ̀fù. Charles Sands ará Amẹ́ríkà ni ó borí láàárín àwọn ọkùnrin. Láàárín àwọn obìnrin, Margaret Abbott, ará Amẹ́ríkà pẹ̀lú, gbá ihò mẹ́sàn-án nígbà 47, ó sì borí. Ìyá rẹ̀ náà wà nínú àwọn tí ó díje. Àwo tánganran ni wọ́n fún un. Ètò ọdún náà dàrú tó bẹ́ẹ̀ tí Abbott fi kú ní 1955 láìmọ̀ pé òun ni obìnrin Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tí ó borí nínú Òlíḿpíìkì. Ní 1904, ní St. Louis, George Lyon ará Kánádà, ẹni ọdún 46, ni ó borí. Nígbà tí ó tún dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1908, àwọn ará Brítéènì kò gbà láti díje nítorí aáwọ̀, Lyon nìkan ni ó kù, wọ́n sì fagi lé ìdíje náà.

Ní 2009, ní Copenhagen, ìgbìmọ̀ Òlíḿpíìkì dìbò 63 sí 27 pé kí gọ́ọ̀fù padà. Justin Rose àti Inbee Park ni wọ́n gba wúrà ní Rio ní 2016, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn gbajúmọ̀ kan kò lọ, tí wọ́n ní àwọn ń bẹ̀rù àrùn Zika. Lydia Ko ti New Zealand gba fàdákà ní Rio, ó gba idẹ ní Tokyo ní 2021, ó sì gba wúrà ní Párísì ní 2024. Láàárín 1908 sí 2009, òógùn inú gọ́ọ̀fù kò yí padà. Aáwọ̀ ni ó lé e jáde, ìbò ìgbìmọ̀ ni ó sì dá a padà. Fífa okùn náà wà nínú Òlíḿpíìkì láti 1900 títí di 1920 kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò, síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò sọ pé àwọn tí ń fa okùn kì í làágùn.

6. Ẹjọ́ Casey Martin, 2001

Ìgbà kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ òógùn dé iwájú adájọ́ àgbà gan-an ni ẹjọ́ tí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà dá ní ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, 2001. Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ni Casey Martin, a sì bí àìsàn kan mọ́ ọn tí kò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ yí dáadáa ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún. Ìrìn a máa ni ín lára, ó sì lè mú kí egungun rẹ̀ ṣẹ́, kí wọ́n sì gé ẹsẹ̀ náà. Ó bẹ PGA Tour pé kí wọ́n jẹ́ kí òun máa fi ọkọ̀ kékeré rìn. Wọ́n kọ̀. Ó wá gbára lé òfin 1990 tí ó dáàbò bo àwọn tí ara wọn kò pé.

Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà. Ẹjọ́ PGA Tour kì í ṣe ẹjọ́ òmùgọ̀. Wọ́n ní àárẹ̀ ìrìn jẹ́ ara ohun tí ń dán olùdíje wò, àwọn àgbà bí Arnold Palmer àti Jack Nicklaus sì jẹ́rìí sí i. Ken Venturi náà jẹ́rìí, ẹni tí ó gbá ihò 36 nínú ooru gbígbóná ní ọjọ́ ìkẹyìn ìdíje ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní 1964, tí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú kí ó tó borí. Ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ dá Martin láre, adájọ́ 7 sí 2. Adájọ́ Stevens, tí ó kọ ìdájọ́ náà, sọ pé gbígbá bọ́ọ̀lù ni kókó eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní agbára tí ìrìn ihò 18 ń jẹ lára ènìyàn fún nǹkan bíi wákàtí márùn-ún kò ju kálórì 500 lọ, àti pé pẹ̀lú ọkọ̀ pàápàá, àárẹ̀ Martin pọ̀ ju ti àwọn tí ń fi ẹsẹ̀ rìn. Adájọ́ Scalia kò gbà. Ó ní òfin eré kì í ní ìdí kan ju pé àwọn tí ó ni eré ṣe é bẹ́ẹ̀, àti pé kì í ṣe iṣẹ́ adájọ́ láti yan èyí tí ó jẹ́ kókó nínú wọn.

Ẹ kíyè sí bí ọ̀rọ̀ ṣe dorí kodò. Àwọn tí ó fẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ aláàbọ̀ ara ni ó ń kéde pé òógùn wà nínú gọ́ọ̀fù; àwọn tí ó ṣí ilẹ̀kùn fún un ni ó ní òógùn náà kò tó nǹkan. Àwọn ẹlẹ́gàn gọ́ọ̀fù ka ìdájọ́ náà sí ẹ̀rí pé kì í ṣe eré ìdárayá. Ní tiwa, òdìkejì rẹ̀ ni a rí. Ilé-ẹjọ́ kò sọ pé ara kò níṣẹ́ nínú gọ́ọ̀fù. Ohun tí ó sọ ni pé iṣẹ́ náà wà nínú ọwọ́, ẹ̀yìn àti ojú tí ń gbá bọ́ọ̀lù, èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè bá Martin ṣe.

7. Ilẹ̀kùn tí a tì

Ẹjọ́ Martin gbé wa dé orí òṣùwọ̀n kẹta, ibẹ̀ sì ni ẹ̀rí ti le mọ́ gọ́ọ̀fù. Ẹ jẹ́ kí a padà sẹ́yìn díẹ̀. Ẹgbẹ́ PGA ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1916, fi sínú òfin rẹ̀ pé aláwọ̀ funfun nìkan ni ó lè jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Òfin yìí wà títí di 1961, lẹ́yìn tí Stanley Mosk, agbẹjọ́rò àgbà fún ìpínlẹ̀ California, ti gbógun tì í. Charlie Sifford, aláwọ̀ dúdú tí ó ti ń ṣe kádì láti kékeré ní North Carolina, ti di ẹni ọdún 39 kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Ó borí ní Hartford ní 1967, ó sì tún borí ní Los Angeles ní 1969. Ta ni ó lè sọ iye ìgbà tí ìbá ti borí bí wọ́n bá ti jẹ́ kí ó wọlé ní ọmọ ọdún 25?

Lee Elder, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà pẹ̀lú, borí nínú ìdíje gọ́ọ̀fù ilẹ̀ Nàìjíríà ní 1971. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, ní 1975, ni ó tó di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó díje nínú Masters ní Augusta. Ẹgbẹ́ Augusta kò gba ọmọ ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú títí di 1990, kò sì gba obìnrin títí di 2012. Ẹgbẹ́ Edinburgh tí ó kọ òfin mẹ́tàlá ti 1744, tí ó wà ní Muirfield báyìí, dìbò lórí gbígba obìnrin ní 2016, ìbò náà kò sì pé iye tí òfin wọn bèèrè. Nígbà tí wọ́n sọ fún wọn pé ìdíje ńlá ti 1860 kò ní í wá sí pápá wọn mọ́, wọ́n tún ìbò dì ní 2017, wọ́n sì gbà. Ọdún 273 ni ó wà láàárín òfin tí ó sọ bí a ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù àti ìbò tí ó sọ pé obìnrin lè jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ tí ó kọ ọ́.

Bí a bá ti ọ̀pọ̀ mọ́ ìta, tí a sì wá pe ẹnìkan nínú ilé ní ọ̀gá gbogbo wọn, ìdíje náà kò pé. Ní abala yìí, ẹni tí ó bá sọ pé gọ́ọ̀fù kò tíì jẹ́ ojúlówó eré ìdárayá ní Amẹ́ríkà nígbà tí òfin aláwọ̀ funfun nìkan ṣì wà, títí di 1961, ní ẹjọ́ tí a lè gbọ́. Ẹni tí ó bá ní nítorí pé wọn kì í sáré ni, kò ní.

8. Ìgúnlẹ̀

A ti rí i pé ní 1491 ìjọba Skọ́tlándì ka gọ́ọ̀fù kún eré ìdárayá, ó sì dá a lẹ́bi nítorí ogun. A ti rí i pé òfin 1744 sọ ọ́ di ìdíje, pé aáwọ̀ ni ó yọ ọ́ kúrò nínú Òlíḿpíìkì ní 1908, àti pé ẹjọ́ 2001 fi kókó rẹ̀ hàn nínú bọ́ọ̀lù gbígbá. Nípa ti ara, gọ́ọ̀fù yege láti ìbẹ̀rẹ̀. Nípa ti òfin, ó yege láti 1744. Nípa ti ilẹ̀kùn, ó pẹ́ kí ó tó yege, àwọn tí ó wà níta ni wọ́n sì fi tipátipá ṣí i.

Àbá wa fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tí yóò tún kọ̀wé lórí eré, ìbáà ṣe ti ilẹ̀ wa tàbí ti òkèèrè, ni pé kí wọ́n má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbéèrè pé mélòó ni ó làágùn. Kí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè ẹni tí ó di kọ́kọ́rọ́ pápá mú àti ẹni tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Sifford àti Martin mọ eré náà gbá kí wọ́n tó wọlé. Ohun tí wọ́n ń dúró dè kò sí ní ọwọ́ tiwọn.